Ta Ló Jókòó Sórí Àga Eyínfúnjowó?

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

Àmì àwọ̀ ewé ló yọ lójú fóònù. Mo ti fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀, mo pa á, mo tún un tàn, àwọ̀ ewé náà ni. Wọ́n ní Eyínfúnjowó wá sí sukúù lónìí, láti kíláàsì àárọ̀ títí tí aago ìparí fi lù.

Irọ́ ni! Àbúrò yín ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀. Ara rẹ̀ gbóná débi pé aṣọ tútù tí mo fi lé e níwájú orí ń gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń fún Ọ̀gá Kékeré lọ́mú, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gba ibẹ̀ jáde kí n má rí i. Àmì pupa ni mo ń retí. Mo tiẹ̀ ti ń ro bí n ó ṣe bẹ̀ wọ́n.

Ta ló wá jókòó sórí àga rẹ̀?

Ẹ ní kí n máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé yìí títí ọkọ̀ ojú omi yín á fi padà, kí ẹ lè mọ bí àbúrò yín ṣe ń ṣe sí. Mo ń fò ó, torí pé kò sí nǹkan. Lónìí, nǹkan wà. Ẹ má wo bí ìwé kíkọ mi ṣe rí, ọwọ́ kan ni mo fi gbé ọmọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibà náà ò tíì lọ. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ kọ́mú. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, ara mi ló máa gbà jáde.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ da ilẹ̀ nù, mo fọwọ́ kan ẹ̀wù òtútù pupa rẹ̀ tó wà lórí ìkọ́ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó tutù rinrin. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ inú ilé ni ẹ̀wù wà.

Mi ò sọ fún un. Mo kàn gbé e sórí irin ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, mo ń wò ó bó ṣe ń kán tó, tó, tó.

Ọjọ́rú

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ bá Onídìrí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n òun nìkan ló gbọ́ èdè àwọn ará ìlú yìí dáadáa nínú àwọn tí mo mọ̀. Ó ń dirun fún ẹnì kan, kò dáwọ́ dúró.

"Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, o wá ń sunkún? Àwọn ẹlòmíì ń wá àwọ̀ ewé kiri, wọn ò rí."

"Ọmọ náà wà nílé, Àǹtí. Ó ń ṣàìsàn."

"Ẹ̀rọ ló ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣi nǹkan ṣe."

"Ẹ bá mi pè wọ́n."

Ó pòṣé, ó nu ọwọ́. "Kí lorúkọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn?"

Mo fa káàdì sukúù rẹ̀ yọ, mo nà án sí i. Ó wò mí.

"O ò lè pè é lẹ́nu ni?"

"Mo bá a nílé wọn, Àǹtí. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Níbí yìí náà? Ta ló máa gbọ́ ọ? Ṣé ìyá ọkọ rẹ wà nínú fìríìjì mi ni?" Ẹni tí wọ́n ń dirun fún náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí à ń sọ.

Onídìrí pè wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń mi orí. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní ó wà ní kíláàsì báyìí tí à ń sọ̀rọ̀ yìí," ló wí. "Wọ́n ní ó ti ń gbọ́ èdè. Wọ́n ní ó dáhùn ìbéèrè lánàá, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un."

Mo gba káàdì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má sọ fún ẹnì kankan mọ́. Wọ́n ní ó wá, ó wá nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kò wá ni kí o wá bá mi sunkún."

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí Onígíláàsì, obìnrin tó ń rí sí àwọn ọmọ tó ti ìlú òkèèrè wá ní sukúù yẹn, tó dijú tó ń kà á fún wa bí ẹni ń ka òfin? Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ máa wá lójoojúmọ́. Tó bá ń pa á jẹ, tí alágbàtọ́ tó fọwọ́ síwèé ò wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀, físà rẹ̀ ti tán, ó di ilé. Ẹ̀yin ni alágbàtọ́, kì í ṣe èmi. Ẹ sì wà lórí omi. Màmá ti ta ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi kọ́lé, torí àga kan ṣoṣo yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì

Aṣọ ìnura tutù. Èmi ò wẹ̀. Òun náà ò wẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kùrukùru bo gbogbo àdúgbò, mi ò rí ilé iwájú. Wàrà tún ti gbówó lórí, mo ra ti inú páálí kékeré.

Mo se ìrẹsì, mo dé e, mo lọ síbi ìfọṣọ. Nígbà tí mo dé, ó ti lọ sílẹ̀. Eyínfúnjowó ní òun ò jẹun. Mo wo ètè rẹ̀, ó gbẹ, òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀gá Kékeré ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo ti ń gbàdúrà pẹ̀lú ojú lílà.

Ọjọ́ Àìkú

Ibà ti fi í sílẹ̀. Mo tú irun rẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọ ní sukúù yẹn?"

"Kò sí nǹkan, Àǹtí."

"Èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yín, bàtà mi gbé mi ṣubú, gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni tí ò rí i, ìwọ nìkan lo rẹ́rìn-ín. Mo ní eléyìí á bá mi gbé. Eyín yẹn dà báyìí?"

Mo ya ìlà irun kan.

"Wọ́n ní kí n dìde kàwé, Àǹtí. Mo kà á. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀nà tí mo bá gbà, wọ́n ń sín mi jẹ. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan, yàrá ọ̀tọ̀ ni. Aago á lù, gbogbo wọn á tú jáde bí omi, wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kí n tó rí tèmi, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Mo máa ń lọ jẹun nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa ń ká ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n má baà rí bàtà mi." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mo máa ń bo eyín mi báyìí."

Mo fẹ́ bi í léèrè nípa àwọ̀ ewé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di irun náà. Ẹ̀rù bà mí pé ó lè dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ajé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ó wọ ẹ̀wù pupa, ó jáde. Mo pọn ọmọ, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kùrukùru gbé e mì kí n tó dé ìkóríta. Mo bá ọ̀nà lọ títí mo fi dé sukúù, mo dúró lẹ́yìn ọgbà onírin. Aago lù, wọ́n jáde fún ìsinmi. Àwọn ọmọ bí eéṣú! Mo ń wá ẹ̀wù pupa. Mo rí i. Ó kẹ́yìn sí mi, ó ń fi nǹkan hàn àwọn mélòó kan nínú ìwé, wọ́n yí i ká.

Inú mi dùn, ẹ gbọ́. Mo ní ó ti rí ọ̀rẹ́.

Mo kígbe, "Eyínfúnjowó!" Kò wò mí. Mo tún pè é. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n tọ́ka sí mi, ó wá yíjú.

Kì í ṣe òun.

Ẹ̀wù òun ni, káàdì òun ló wà lọ́rùn rẹ̀, bí mo ṣe di irun lánàá kọ́ nìyẹn. Ojú ọmọ mìíràn ni. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Ọ̀gá Kékeré rí i lórí èjìká mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fò lẹ́yìn mi. Aago lù, ilé yẹn gbé gbogbo wọn mì.

Mo sáré délé. Eyínfúnjowó wà ní kíṣìnnì, kò wọ ẹ̀wù, ó ń fọ ife.

"Ta ni yẹn?"

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fọ́. Mo rántí pé mo ń wo ife yẹn bó ṣe ń yí lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ló ti pàdé ọmọ náà. Òun ń sunkún lórí ìṣirò, ọmọ náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe é tán kí bọ́ọ̀sì tó dé. Àǹtí rẹ̀ kan ló mú un wá láti òkèèrè, ó fi sí sukúù ìjọba ní ìlú míì. Àǹtí fẹ́ ọkọ tuntun, ọkọ náà ò fẹ́ ẹrù, àǹtí lọ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Báyìí ni sukúù yọ orúkọ ọmọ náà. Kò ní àga mọ́, kò nílé mọ́.

"Níbo ló ń sùn?"

Ó wolẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sísàlẹ̀.

Sítọ́ọ̀ wa. Abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí mo kó garawa sí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"O kó àlejò pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi! Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, mo rò pé òkú ló ń jẹ ìrẹsì mi!"

"Kì í ṣe àlejò, Àǹtí. Níbẹ̀ yẹn, èmi ni àlejò. Òun, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá lè lọ, ó ń lọ bá mi jókòó, kí wọ́n má baà kọ pupa. Láàárọ̀ yìí, ìkóríta ni mo ti bọ́ ẹ̀wù àti káàdì fún un. Ìgbà tó bá ń jẹ́ èmi, mo máa ń mọ̀wé."

"Àwọn olùkọ́ ò mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó dàgbà jù mí lọ. "Lójú wọn, ojú kan náà ni gbogbo wa ní."

Ọjọ́ Ajé kan náà, ìrọ̀lẹ́

Ọmọ náà wọlé. Ó gbé ẹ̀wù pupa kọ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ó sì ń wúkọ́. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa fi lé e jáde.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Èyí tí wọ́n ń pè mí ní sukúù, Mà."

"Èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni mo bi ọ́."

"Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn pè mí níbí."

Mo bu oúnjẹ fún un. Kí ni kí n ṣe? Ó ń jẹun, ó ń tẹ́ ọwọ́ kejì sábẹ́ àwo, kí horo ìrẹsì kan má baà bọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Eyínfúnjowó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, mo rí eyín rẹ̀. Ó ti pẹ́.

Mo ní kò gbọdọ̀ sùn ní sítọ́ọ̀ mọ́. Mo ní kí Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ máa lọ sukúù láti ọ̀la. Àwọn méjèèjì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ọjọ́rú

Eyínfúnjowó lọ fúnra rẹ̀ lánàá àti lónìí. Àwọ̀ ewé tòótọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́ ọ ní ojú ọ̀nà gbogbo yàrá lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó fi ṣíbí àti ife tò ó sórí tábìlì: ibí ni àtẹ̀gùn, ibí ni yàrá ìṣirò, má gba ibí torí àwọn elérìn-ín ẹ̀sín ń dúró síbẹ̀.

Ikọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò dáa. Mo fi òróró pa á láyà, mo gbọ́ bó ṣe ń dún nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Òtútù. Ojú fèrèsé funfun.

Ìdánwò ni lọ́la. Eyínfúnjowó ti ń bì láti àárọ̀, ibà kọ́ o, ẹ̀rù ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dákẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Àga yẹn ni mo rò.

Ọjọ́bọ̀

Wọ́n pè mí láti sukúù lánàá. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ò ju orúkọ yẹn àti ọsibítù lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ṣubú lulẹ̀ nínú ìdánwò. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé e. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi nǹkan bò ó nímú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti adìyẹ tí wọ́n lé. Ẹ̀wù pupa wà nínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Onígíláàsì wà níbẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ó ń wo fọ́tò inú káàdì, ó ń wo ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò rí nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú.

Nọ́ọ̀sì kan wá tó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Ó ní, "Màdáámú, kí ni ẹ jẹ́ sí i?"

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n rí i pé òun náà ni."

Tí mo bá ní kì í ṣe òun, àbúrò yín di ẹni ilé, ọmọ yìí di ẹni tí kò ní ẹnì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń dúró. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ojú, ó ń wò mí lórí nǹkan tó bò ó nímú yẹn.

Mo pè é. Orúkọ àbúrò yín. Látọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹnu mi ò pè é rí, mi ò pè é lójú Màmá, mi ò pè é nígbà tí mo bá ń bá a jà. Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ pè é, orí ọmọ ọlọ́mọ tí ò lè mí ni mo pè é lé. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sára okùn kan, ó so ó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán

Ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ni. Ó ti kún. Dókítà ní àwọn fẹ́ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa omi jáde, alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i. Mo ní èmi nìyí. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní kì í ṣe orúkọ mi, ọkọ mi ni. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn máa dúró títí dé ibi tó bá ṣeé dúró dé, lẹ́yìn ìyẹn, kí n má retí ohun rere.

Mo pe Onídìrí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. Ó kàn ní, "Tí ọmọ yẹn bá kú, ta ni wọ́n máa kọ pé ó kú?"

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ta ni wọ́n máa kọ? Wọ́n á pe Màmá láti ibí, wọ́n á ní ọmọ wọn ti kú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Wọ́n á sin ín pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì, ìyá rẹ̀ á ṣì máa retí pé kó tẹ̀ ẹ́ láago.

Àbúrò yín ò lè jáde mọ́, ṣé ẹni tó wà ní ọsibítù lè máa rìn ní títì? Mo dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, mo bá yàrá rẹ̀ lófo. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́. Mo wá a títí. Sítọ́ọ̀ ni mo ti rí i, abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti kó aṣọ ìbora lọ síbẹ̀, ó káwọ́ lérí orúnkún láàárín garawa.

Mo ní, "Eyínfúnjowó, dìde." Kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ọsibítù." Ó bo ẹnu rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń rìn báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ìgbà tí mi ò mọ̀ lọ. Mo gbé oúnjẹ sí ẹnu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, mo padà dé, ó ti tán. Aṣọ ìnura tutù. Ọ̀gá Kékeré ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń na ọwọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń ya àwọn ojú ewé yìí ní fọ́tò. Onídìrí á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ yín, ó ní wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí omi. Tí ẹ bá ti kà á dé ibí, ẹ má kà á mọ́, ẹ dìde. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ìyàwó yín ń kú. Ẹ sọ pé ọmọ ń kú. Ẹ sọ ohunkóhun tó bá wù yín, mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ọwọ́ yín ni dókítà ń dúró dè. Ẹ wá fọwọ́ sí i kí ọmọ yẹn lè mí, kó lè sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún wa. Ẹ wá dúró lẹ́nu sítọ́ọ̀ yìí kí ẹ pe àbúrò yín jáde. Ẹ̀yin lẹ lè pe orúkọ rẹ̀, ìyá kan ló bí yín. Pípè tèmi ti bà á jẹ́.

Baba Ọ̀gá Kékeré, ẹ máa bọ̀. Ẹ má dúró kó ẹrù. Ẹ máa bọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ó tún ti ń rìn nísàlẹ̀.